Kọ̀ǹpútà 2012 tí bàbá mi fi sílẹ̀: ṣé kí n sọ ọ́ di Windows 11 ni, àbí kí n wá nǹkan mìíràn sórí rẹ̀?

Atẹ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lọ́wọ́ mi, bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó dolóògbé. 2012 ni wọ́n rà á. Mo wo inú rẹ̀, Core i5-3320M ni wọ́n kọ síbẹ̀ (ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn), RAM, ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 4 GB, hard disk tí fáìlì ń gbé, 500 GB. Hard disk àtijọ́ tó ń yí nínú ni o, kì í ṣe SSD, irú tuntun tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. Windows 7 ló bá wá, ẹnì kan bá wọn sọ ọ́ di Windows 10 ní 2016, ibẹ̀ ló sì dúró sí títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi lè kàn gbé e tì síbì kan kí n lọ ra tuntun. Láàárín 2013 sí 2015, lẹ́yìn tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí ní ìdájí, wọ́n á tan ètò tí Windows 7 fi ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á sì máa sọ ìtàn ayé wọn fún un bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Fáìlì ohùn mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, .wma sì ni gbogbo wọn. Èmi ni mo wá ń tẹ̀ wọ́n báyìí. Màá gbọ́ gbólóhùn kan, màá dá a dúró, màá tẹ̀ ẹ́, màá tún dá a padà sẹ́yìn. Mo ti tẹ méjìdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́tà A àti E ti pa rẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù náà. Ìka bàbá mi ló pa wọ́n rẹ́, ojú ibẹ̀ náà ni ìka tèmi ń bọ́ sí.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ rèé. Láti ìgbà tí mo bá ti tàn án títí di ìgbà tí Word á ṣí, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Mo fi aago wò ó. Tí mo bá ṣí Task Manager, 100% ni Disk máa ń wà, bí n kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Microsoft sì ti dá àtúnṣe tó ń wá fún Windows 10 dúró láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Mo gbìyànjú láti bọ́ sórí Windows 11, ó ní kọ̀ǹpútà mi kò tó o gbé. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sì yí i padà sí nǹkan mìíràn, ṣé àwọn ohùn yẹn kò ní bá a lọ? Ṣé mo ṣì lè máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá bí mo ṣe ń ṣe é?

Yára-bí-Àṣá:

Ẹ kú àfẹ́kù bàbá o, ẹ kú ìrọ́jú.

Ọ̀nà wà dáadáa. Ẹ wa ètò kan tó ń jẹ́ Rufus, ẹ fi gbé Windows 11 sórí fíláàṣì 8 GB sókè. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á bi yín bóyá kí òun yọ àyẹ̀wò TPM, Secure Boot àti RAM tí Windows 11 máa ń ṣe kúrò. Ẹ fàmì sí i, ó tán. Ìran kẹrin ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà tèmi, Windows 11 ló sì wà lórí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kò tíì yọ mí lẹ́nu.

Atúnṣe:

Atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Ohun tí ẹ ń ṣe sí ohùn bàbá yín yẹn wú mi lórí gan-an ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan Rufus. Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe Windows rárá, hard disk ni. Hard disk tó ti ń yí láti 2012, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ohùn ẹni tí kò lè tún un sọ mọ́ wà. Ṣé ẹ̀dà wà níbòmíràn? Ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ìyẹn ló ń já mi láyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ní 2015, nígbà tí Windows 10 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá pé kí n bá òun mú un kúrò lórí Windows 7. Mo bi í bóyá ó ní ẹ̀dà àwọn fáìlì rẹ̀, ó ní rárá. Mo ní kò séwu, upgrade kì í pa fáìlì rẹ́. Òótọ́ sì ni, kì í pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n upgrade máa ń kà, ó sì máa ń kọ, gígábáìtì lórí gígábáìtì, fún wákàtí kan sí méjì láìsinmi. Hard disk tó ti rẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé e dè. Ó dé 32%, ó dúró. Mo ní kí n ní sùúrù, mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá mo gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́, á dákẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń ka ojú disk ló ń wá ọ̀nà tí kò rí mọ́. Àwòrán ọmọ obìnrin yẹn, láti ọjọ́ tó bí i títí ọmọ fi pé ọdún méjì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà lọ. Kò bá mi jà. Ó kàn jókòó, kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan Windows ẹnikẹ́ni títí màá fi rí ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ níbi méjì pẹ̀lú ojú ara mi.

Nítorí náà, lónìí kí ẹ tó sùn, ẹ wá hard disk ìta kan, ẹ kó fáìlì ohùn mọ́kànlélógójì yẹn sí i lákọ̀ọ́kọ́. Kí ẹ tó kó ìwé tí ẹ ti tẹ̀, kí ẹ tó kó àwòrán, ohùn ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún kó wọn sórí fíláàṣì kan, kí fíláàṣì náà má sì gbé inú àpò kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí ẹ̀dà mélòó kan, ẹ gbọ́ wọn dé òpin. Fáìlì tó hàn nínú fódà lè má ṣeé gbọ́.

Tí ìyẹn bá parí, ẹ wa ètò kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, kó sọ ìlera hard disk yẹn fún yín. Good, Caution tàbí Bad ló máa kọ. Ẹ wo ìlà méjì ní pàtàkì: Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count. Àkọ́kọ́ ni iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí disk ti fi òmíràn rọ́pò. Èkejì ni iye ibi tó ń gbìyànjú láti kà tí kò tíì rí kà. Ẹ bá wa kọ ohun tí ẹ bá rí síbí.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá yín ńkọ́? Disk yẹn náà ló fà á. Inú hard disk àtijọ́, àwo kan wà tó ń yí po, lára àwọn tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ ní láti sún lọ sún bọ̀ lórí rẹ̀ láti rí ohun tí ẹ ń wá, kó sì tún dúró kí ojú ibẹ̀ yí dé abẹ́ rẹ̀. Windows 10 kì í wá nǹkan kan ṣoṣo nígbà tó bá ń tàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan kéékèèké ni, káàkiri àwo. RAM 4 GB tún wá kéré, ohun tí kò bá gbà níbẹ̀, orí disk kan náà ló ń kó o sí. Ẹ rí i pé ẹrù gbogbo wọn, orí abẹ́rẹ́ kan ló wà. SSD kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́. Mo ti rí kọ̀ǹpútà ìran kẹta tó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí, SSD nìkan la fi sí i, a kò fi nǹkan mìíràn kún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Windows 11. Ẹ wo nọ́mbà yín, i5-3320M. Nọ́mbà tó tẹ̀lé àmì fàágùn yẹn ló ń sọ ìran: 3, ìran kẹta. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìkẹwàá. Ìran kẹjọ ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ síí ka Core ti Intel mọ́ àwọn tó gbà, ti AMD sì bẹ̀rẹ̀ láti Ryzen 2000. Wọ́n tún fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí kọ̀ǹpútà ń gbé, àti Secure Boot tó ń wò ó bóyá ohun tó fẹ́ tàn yẹn jẹ́ ojúlówó. Kọ̀ǹpútà yín kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà.

Yára-bí-Àṣá kò parọ́. Ohun tó sọ ṣeé ṣe, èmi náà ti ṣe é. Láti ẹ̀dà 24H2 ni Windows 11 ti ń béèrè àṣẹ POPCNT àti SSE4.2 lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọpọlọ àtijọ́ bíi Core 2 Duo kò ní wọn, nítorí náà kò ní tàn lórí wọn rárá, ṣùgbọ́n tiyín ní méjèèjì. Ohun tí n kò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé Microsoft ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, àwọn kò ṣèlérí update fún un. Àtúnṣe oṣooṣù sábà máa ń wá, àmọ́ ẹ̀dà ọlọ́dọọdún kì í dédé wá fúnra rẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é lọ́dọọdún. Kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń dánra wò, kó lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ohùn bàbá yín wà nínú rẹ̀, n kò lè fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà kejì wà tí ẹ kò bá fẹ́ yí nǹkan padà lójijì. Microsoft gbà kí Windows 10 máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò tí wọ́n fi ń fa àtúnṣe ààbò gùn. Ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀dà 22H2 ti Windows 10, ẹ sì máa fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Ìsinmi díẹ̀ nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ rójú ronú.

Ọ̀nà kẹta ni èmi máa bá yín yàn: SSD tuntun, RAM 8 GB, kí a sì gbé Linux Mint lé e, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe. Àwọn tó mọ Mint jù mí lọ wà níbí, wọ́n á sọ tiwọn.

Olùkọ́-Ìṣirò:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé nọ́mbà yẹn ló jẹ́ kí n lọ wo tèmi. i5-8250U ni, ìran kẹjọ, síbẹ̀ ó ní kò tó Windows 11 gbé. Kí ló dé?

Atúnṣe:

Olùkọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ TPM yín ni wọ́n pa nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ wò ó bóyá ó máa sọ pé òun kò rí TPM. Ẹ wọ BIOS lọ, ẹ wá Intel PTT, orúkọ tí Intel ń pe TPM tirẹ̀, ẹ tàn án. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ tún wọ msinfo32, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ BIOS Mode sí. Tó bá jẹ́ Legacy, ọ̀nà àtijọ́, ló wà níbẹ̀, a ní láti yí ètò disk padà kí ó lè bá UEFI, ọ̀nà tuntun, mu: ẹ fi Command Prompt alábòójútó kọ mbr2gpt /validate /allowFullOS. Tó bá gbà, ẹ fi /convert rọ́pò /validate. Ìgbà tó bá parí ni kí ẹ tó lọ yí BIOS sí UEFI, kí ẹ má yí i ṣáájú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ju gbogbo rẹ̀ lọ: tí BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti disk pa, bá wà lórí disk yín, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan BIOS. Nọ́mbà gígùn tó ní díjíìtì 48 ni. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, èmi kò lè ṣe é, ẹni tó ṣe Windows pàápàá kò lè ṣe é. Kí ẹ sì kó fáìlì yín pamọ́ o, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Atẹ̀wé kan ẹ̀yin náà.

Ọmọ-Mint:

Atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Mint 22 ni kí ẹ gbé, ẹ̀dà Xfce, òun ló fúyẹ́ jù nínú wọn. Ó jáde ní 2024, àtúnṣe ààbò á sì máa wá fún un títí di 2029. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé orí fíláàṣì lẹ ti lè tàn án kí ẹ wò ó, láìfi ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ dán kámẹ́rà wò, ẹ pa ojú rẹ̀ dé kí ẹ wò ó bóyá á jí. Irú kọ̀ǹpútà yín yìí kì í sábà ní wàhálà, Linux ti mọ ẹ̀yà ara wọn tipẹ́.

VLC, ètò tó ń gbé ohùn àti fídíò jáde, máa gbọ́ .wma yín láìní wàhálà. Ẹ ó tún gbádùn ohun kan: ó lè dín eré ohùn kù láìyí ohùn bàbá padà. Tí ẹ bá fi í sí 0.75, á dà bí ẹni pé wọ́n ń rọra sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti fi ṣe iṣẹ́ irú yín rí.

Àmì orí ọ̀rọ̀ ńkọ́: ẹ wọ Keyboard, ẹ lọ sí Layout, ẹ wá Yoruba lábẹ́ English (Nigeria), ó wà níbẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó fi nǹkan kan kún un. Kí ẹ wá ṣọ́ra nípa fọ́ńtì. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ tàbí ẹ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, àmì á tẹ̀lé e, fọ́ńtì ló máa wá gbé àmì náà gun orí lẹ́tà. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á fi àmì sí ẹ̀gbẹ́, á wá dà bí ẹni pé èérún ló bọ́ sórí ìwé. Àwọn fọ́ńtì Noto mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tí ẹ bá ṣí ìwé Word yín nínú LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Word lórí Mint, ọ̀rọ̀ á pé, àmọ́ ojú ìwé lè sún díẹ̀.

Atẹ̀wé:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kò sí ẹ̀dà. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo ra hard disk ìta lánàá, mo bẹ̀rẹ̀ síí kó wọn. Ogójì wọlé. Nọ́mbà 29, èyí tó kàn tí mo fẹ́ tẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó ń dé ìlàjì, á dúró, á ní òun kò lè kà á. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. CrystalDiskInfo kọ Caution, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, Current Pending Sector Count sì ń kọ 10. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n lo chkdsk. Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, ṣé kí n lò ó?

Atúnṣe:

Rárá o! Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà báyìí. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ má sì fi chkdsk kàn án. Iṣẹ́ chkdsk ni láti mú kí ètò fáìlì tò, kò bá yín wá ohun tó sọnù. Ó lè gé ibi tí kò rí kà kúrò, kó sì máa lọ. Ibi tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì bọ́ sórí. 10 tí ẹ rí yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀nà kíkà nọ́mbà hẹ́sì, tó ń fi mẹ́rìndínlógún kà dípò mẹ́wàá, ni ètò yẹn fi ń kọ ọ́, 10 níbẹ̀ túmọ̀ sí mẹ́rìndínlógún. Disk ṣì ń yí, ẹ kò tíì gbọ́ kẹ́, kẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lò ni ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà disk tó ti ń bàjẹ́. Ẹ fi fíláàṣì Mint tàn án, ẹ má ṣe install. Ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì gba gddrescue, orúkọ tí wọ́n fi ń gbà á nìyẹn, ddrescue lẹ ó máa kọ tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, mo fẹ́ kó yé yín kí ẹ̀rù má bà yín. Ẹni tó ń kó fáìlì lásán, tó bá ti kan ibi tó bàjẹ́, ibẹ̀ ló ń dúró sí tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń kan ilẹ̀kùn, disk sì ń gbọ̀n. ddrescue kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá kan ibi tó le, á fò ó, á kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, á lọ kó gbogbo ibi tó rọrùn kọ́kọ́. Ìgbà tí èyí tó pọ̀ jù ti wà ní ìpamọ́ ni yóò tó padà sí àwọn ibi tó fò, á máa fi ẹ̀sọ̀ ṣà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá lọ, ìwé kékeré yẹn ló máa jẹ́ kó mọ ibi tó dé. Ẹ má gbàgbé láti dárúkọ ìwé náà nínú àṣẹ yín, òun ni wọ́n ń pè ní mapfile.

Ẹ kọ lsblk lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo ìwọ̀n GB tó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá àti èyí tó jẹ́ tuntun. Èyí tí ẹ ń kó láti inú rẹ̀ ló ń ṣáájú, èyí tí ẹ ń kó sí ló ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ṣì wọ́n gbé, disk òfìfo ló máa dà lé orí ohùn. Ẹ kà á sókè kí ẹ tó tẹ Enter. Hard disk ìta yẹn gbọ́dọ̀ ju 500 GB lọ, kó má sì jẹ́ FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí disk, torí FAT32 kì í gba fáìlì tó bá ju 4 GB.

Tó bá parí, ẹ pa disk bàbá, ẹ yọ ọ́. Orí ẹ̀dà la ó ti máa ṣiṣẹ́. Ètò Disks tó wà nínú Mint ní Attach Disk Image, ẹ ó ṣí ẹ̀dà náà bí ẹni ṣí fódà.

Yára-bí-Àṣá:

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, mo ti kà á délẹ̀. Mo lọ wo disk tèmi náà. Good ni, ṣùgbọ́n mo ti ń kó fáìlì mi jáde bí mo ṣe ń kọ èyí. Atẹ̀wé, kí Ọlọ́run bá yín ṣe é.

Atẹ̀wé:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà wá, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo kà á sókè kí n tó tẹ Enter, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ó lo òru kan gbáko. Wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ti kó èyí tó pọ̀ jù, ìyókù òru ló fi ń jà pẹ̀lú ibi kékeré. Mo jí ní ìdájí, mo rí 99.99% lójú rẹ̀. Nọ́mbà 29 ṣí. Mo gbọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ohùn já fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló sọnù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo wá ṣí kọ̀ǹpútà náà. Sukúrúù mẹ́ta péré ló di ilé hard disk mú. SSD ìnṣì 2.5 tó nípọn mìlímítà 7 wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. RAM rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣì rà, PC4 ni mo gbé wá, àlàfo etí rẹ̀ kò bá ojú ibẹ̀ mu. Mo padà lọ fi gba PC3L, irú tó bá a mu, ó ti di 8 GB. Bátìrì róbótó CR2032 inú rẹ̀ náà ti kú, ìdí nìyẹn tí aago rẹ̀ fi máa ń padà sẹ́yìn, tí ìkànnì fi máa ń sọ pé kò ní ààbò. Mo pààrọ̀ rẹ̀.

Mint ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Mo tún fi aago wò ó: láti ìgbà tí mo tàn án títí LibreOffice fi ṣí, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógójì. Mo pa á, mo tún tàn án, mo rò pé mo ṣì í kà ni. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà níbi tí Ọmọ-Mint sọ. Ó gba ọwọ́ mi ní ọjọ́ mẹ́ta kó tó mọ́ mi lára. Fáìlì mọ́kànlélógójì wà níbi mẹ́ta báyìí, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé níbòmíràn. Mo fi aṣọ wé hard disk àtijọ́ náà, mo kọ déètì sí i lára.

Nọ́mbà 29 ni mo wà. Ibi tí ohùn ti já yẹn, bàbá mi ń sọ nípa ọkùnrin kan tó fún wọn ní àyè sùn ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní, “Ẹni tó ṣe mí lóore yẹn, orúkọ rẹ̀ ni,” ó wá já. Mo fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìwé. Mo pe àbúrò bàbá mi lórí fóònù, mo ka gbólóhùn náà fún wọn. Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tí wọ́n fi dárúkọ ọkùnrin náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo fi àwọ̀ mìíràn kọ ọ́ kó lè hàn pé kì í ṣe láti ẹnu bàbá ló ti wá.

Ọmọ-Mint, ohun kan ló kù. Bọ́tìnnì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù kò dáhùn, a fi kí n fi máòsì wọ inú Power Manager. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe é?

Ọmọ-Mint:

Inú mi dùn púpọ̀! Ẹ wọ Power Manager, ẹ wò ó bóyá wọ́n fàmì sí Handle display brightness keys. Tí àmì bá wà níbẹ̀ tí kò sì dáhùn, ẹ kọ orúkọ àti nọ́mbà kọ̀ǹpútà náà síbí, a ó jọ wò ó.